Orúkọ Tí Mo Pè Lẹ́ẹ̀kan

Nígbà tí mo wọlé ọkọ, ọmọ márùn-ún ni wọ́n tò síwájú mi lórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wọn ní abúlé, wọ́n ní kí n sọ wọ́n lórúkọ. Ìyá ọkọ mi ló ń fọwọ́ tọ́ka sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ti wà nínú ilé náà kí n tó dé, ọkọ mi ni, ìbáà jẹ́ ọmọ tó ń rákò, ẹnu mi kò sì gbọdọ̀ pe orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ ìkómọ. Èmi ni n óò wá orúkọ tí n óò máa fi pè é. Mo wo èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́, mo ní Òpéléńgẹ́. Mo wo èyí tó dúdú tó ń dán, mo ní Adúmáadán. Nígbà tó kan àbíkẹ́yìn wọn, ọmọ ọdún méje, ó fi pẹ́ńsù kan há etí bí ẹni tí wọ́n ń retí ní ọ́fíìsì, bẹ́ẹ̀ ẹrẹ̀ oko ló kún ẹsẹ̀ rẹ̀. Mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní, "Akọ̀wé." Ó yọ pẹ́ńsù náà, ó wò ó, ó tún fi í há etí, ó ní, "Ẹ ṣé, Ìyàwó wa." Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín.

Ó ti lé ní ogún ọdún báyìí. Láàárín gbogbo ọdún wọ̀nyí, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo pe ọmọ náà ní orúkọ tí wọ́n sọ ọ́, ìwé kíkà orí fóònù ló sì fà á. Mo fẹ́ sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, nítorí mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn mìíràn ní Ẹ̀gbẹ́dá tí à ń gbé báyìí, gbogbo wọn ló ń sọ ọ́ lódì.

Èmi ni mo máa ń jókòó ti Akọ̀wé lọ́sàn-án, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n sá kòkó sí, kí n fi iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ hàn án. Orí rẹ̀ pé. Ṣùgbọ́n bàbá ọkọ mi kú nígbà tó ku ọdún kan péré kí ó parí ilé ìwé girama, ìwé sì dúró síbẹ̀. Ó lọ kọ́ iṣẹ́ jórinjórin ní Adégbayì, ó mọ̀ ọ́n dáadáa, ó gba òmìnira, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ lẹ́bàá títì. Orúkọ tí mo fún un wá di ohun tí àwọn aláwàdà abúlé fi ń ṣe é yẹ̀yẹ́. Wọ́n á ní, "Akọ̀wé, ìwé dà? Àbí ara géètì lo ń kọ ọ́ sí?" Ó máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo mọ ẹ̀rín rẹ̀, èyí kì í ṣe òun.

Ìyá ọkọ mi kò fi ìgbà kankan pè é ní Akọ̀wé. Àwọn ló bí i, orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ni wọ́n ń pè é. Lọ́jọ́ kan wọ́n pè mí sí ẹ̀yìnkùlé, wọ́n ní, "Ìyàwó, wá orúkọ mìíràn fún ọmọ mi. Èyí ti di èébú."

Mo kúnlẹ̀ o, ṣùgbọ́n mo fàáké kọ́rí. Mo ní, "Ìyá, ẹ má bínú. Orúkọ yẹn kò tíì parí iṣẹ́ rẹ̀."

Wọ́n wò mí lọ wò mí bọ̀. Akọ̀wé fúnra rẹ̀ tún bẹ̀ mí nígbà tó yá pé kí n fi orúkọ náà sílẹ̀. Mi ò gbọ́ tirẹ̀ náà. Mo lágídí, mo mọ̀, ìyá tó bí mi ti sọ fún mi.

Akọ̀wé padà jókòó ṣe ìdánwò ìwé mẹ́wàá rẹ̀, ó yege, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni àfi èmi. Òun náà ló mú ọ̀rọ̀ dìgírì orí ẹ̀rọ ayélujára wá sílé wa ní Ẹ̀gbẹ́dá lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan. Ó fẹ́ di olùkọ́ iṣẹ́ irin ní ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́. Tèmi le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kíláàsì karùn-ún ni mo ń kọ́ ní ilé ìwé aládàáni kan, kíláàsì náà sì ni ayé mi. Ọ̀gá tó ni ilé ìwé ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún wa pé ẹni tí kò bá ní dìgírì máa padà sí jẹ́léósinmi. Mo bẹ̀ wọ́n títí, wọ́n ní bí mo bá lè bẹ̀rẹ̀, tí mo sì kọjá sí ìpele kejì láìfìdí rẹmi, àwọn á fi kíláàsì mi sílẹ̀ fún mi. Akọ̀wé fi gbogbo rẹ̀ sórí fóònù mi, ó forúkọ àwa méjèèjì sílẹ̀. Orúkọ bàbá mi ni mo lò, nítorí òun ló wà lórí ìwé ẹ̀rí tí mo ti ní tẹ́lẹ̀.

Ọjọ́ tí kíláàsì bẹ̀rẹ̀, mo wé gèlè, mo jókòó síwájú fóònù mi ní pálọ̀. Olùkọ́ wa, ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń gbé lọ́nà jíjìn, tí kì í ṣe Yorùbá, pe orúkọ mi. Orúkọ mi gan-an, láìsí ohunkóhun níwájú rẹ̀. Mo bojú wẹ̀yìn. Òótọ́ ni mo ń sọ, mo bojú wẹ̀yìn wò bóyá ẹnì kan dúró síbẹ̀. Ní ilé ọkọ mi, Ìyàwó ni mí. Ní ilé ìwé, Tíṣà. Ládùúgbò, orúkọ àkọ́bí mi ni wọ́n fi ń pè mí. Láti ìgbà tí ìyá mi ti kú ni mi ò ti gbọ́ kí ẹnikẹ́ni la ẹnu pe orúkọ náà báyẹn.

Olùkọ́ náà wá ka òfin. Gẹ̀ẹ́sì ló ń sọ, bó ṣe yé mi nìyí: "Nínú kíláàsì yìí, kò sí àǹtí, kò sí bọ̀dá, kò sí màmá, kò sí sà. Orúkọ ni gbogbo wa ń jẹ́. Orí ìkànnì, ẹgbẹ́ ni gbogbo wa." Mo ní nínú ọkàn mi pé, ọmọ tí mo lè bí yìí. Ṣùgbọ́n kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, mo ti fẹ́ràn òfin náà, mi ò ní purọ́. Bí mo bá ti ṣí kíláàsì, tí mo rí orúkọ mi níbẹ̀ tí àwọn ènìyàn ń pè é, tí wọ́n ń bi í pé kí ló rò, ara mi máa ń yá gágá. Ọmọbìnrin kan tí mo rò pé mo ti fi sílẹ̀ nílé bàbá mi ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀.

Àwa mẹ́rin ni wọ́n pín sí ẹgbẹ́ kan: èmi, Akọ̀wé, nọ́ọ̀sì kan ní Òkè Ọya, àti télọ̀ kan ní Ọlọ́runṣògo. Mi ò rí ojú nọ́ọ̀sì àti télọ̀ rí. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọn kò gbé fídíò, nítorí náà òbìrí kan tí lẹ́tà kan wà láàárín rẹ̀ ni mo ń rí dípò ojú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Síbẹ̀, mo mọ̀ wọ́n. Mo mọ̀ pé nọ́ọ̀sì máa ń kọ̀wé lẹ́yìn ìrun, pé télọ̀ kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun jiyàn. Lọ́sẹ̀ kan a kọ́ ọ pé ọmọ tó bá ṣàlàyé nǹkan fún ẹlòmíràn, òun gan-an ló ń kọ́ ọ jù. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo pín kíláàsì karùn-ún sí méjìméjì, mo fún wọn ní ọsàn, mo ní kí ẹnì kan fi ìdá mẹ́rin han ìkejì. Wọ́n pariwo débi pé ọ̀gá sáré wá wò wá. Gbogbo wọn ló gba ìdánwò náà.

Ohun tó fa wàhálà ni pé ẹ̀rọ ló ń ka máàkì wa, kì í ṣe olùkọ́. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ̀rọ á fi ẹnì kan hàn ọ́, á ní kí o ka ohun tó kọ, kí o dá a lóhùn. Bí o bá fẹ́ dá a lóhùn, o máa kọ àmì kan, lẹ́tà "a" tó ká ìrù rẹ̀ yí ara rẹ̀ ká, lẹ́yìn náà o máa kọ orúkọ ẹni náà. Ìyẹn ni ẹ̀rọ á fi mọ̀ pé o ti bá a sọ̀rọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, nọ́ọ̀sì àti télọ̀ ló bọ́ sí mi lọ́wọ́. Mo pe orúkọ wọn, mo gba máàkì mi. Ọ̀sẹ̀ kẹrin, Akọ̀wé ni.

Ohun tó kọ dùn. Ó ní ọ̀gá tó kọ́ òun níṣẹ́ kì í ṣàlàyé ohunkóhun, pé ẹ̀yìn gíláàsì dúdú ni òun ti fi ojú kọ́ gbogbo rẹ̀, pé nígbà tó yá ni òun tó mọ̀ pé ìdákẹ́jẹ́ ọ̀gá òun náà jẹ́ ẹ̀kọ́. Mo kọ èsì gígùn sí i. Mo bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ báyìí: "Ẹni tó kọ̀wé sókè yìí sọ òótọ́." Òfo ni ẹ̀rọ fún mi. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, òun kan náà ni. Mo ní, "Jórinjórin wa," mo tún gba òfo. Olùkọ́ wá kọ̀wé sí mi pé bí òfo bá pé mẹ́ta, mo ti fìdí rẹmi nìyẹn. Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un, bí mo ṣe dé ilé ọkọ, ẹní, pẹ́ńsù, gbogbo rẹ̀. Ó fún mi lésì pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé òun bọ̀wọ̀ fún àṣà mi, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò mọ àṣà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á lè ní, ṣé kò kàn lè kọ ọ́ kó dákẹ́ ni? Ta ni yóò mọ̀? Mo gbìyànjú rẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ tún gbé Akọ̀wé fún mi lẹ́ẹ̀kẹta. Mo jókòó nínú kíláàsì lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ti lọ, mo tẹ àmì náà, mo tẹ lẹ́tà méjì. Fóònù fúnra rẹ̀ gbé ìyókù orúkọ náà wá síwájú mi, ó ní ṣé ẹni yìí ni. Mo pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, mo sì pa fóònù náà.

Lọ́jọ́ Sátidé mo lọ sí abúlé gẹ́gẹ́ bí mo ṣe máa ń ṣe, nítorí ọjọ́ tí à ń bẹ ẹ̀gẹ́ fún gàrí ni. A jókòó yí òkìtì ẹ̀gẹ́ ká lábẹ́ páànù, nítòsí ẹ̀rọ tí ń rin ín, Ìyá àti àwa ìyàwó ilé mẹ́ta, ọ̀bẹ lọ́wọ́ kálukú. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ síwájú wọn.

Ìyálé wa ní, "Kíkọ kì í ṣe pípè. Ẹnu rẹ kò là, ohùn rẹ kò jáde. Kọ ọ́ jàre."

Ìyàwó kejì ní, "Ẹ̀yin ẹ ò mọ̀wé lẹ ṣe ń sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá kọ ọ́, ó ti pè é nínú."

Wọ́n ń jiyàn lọ. Ìyá kò gbójú sókè. Nígbà tí Ìyá bẹ ẹ̀gẹ́ ọwọ́ wọn tán, wọ́n ní, "Ìyàwó, bí o bá kọ ọ́ tán, kí ní máa ń ṣẹlẹ̀ níbi tí òun wà?"

"Fóònù rẹ̀ á dún, Ìyá."

"Á gbé e?"

"Á gbé e wò."

"Á mọ̀ pé òun lò ń bá wí, kì í ṣe ẹlòmíràn?"

"Á mọ̀, Ìyá."

"Á dá ọ lóhùn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Wọ́n mú ẹ̀gẹ́ mìíràn. "O ti pè é nìyẹn."

Kò sí olùkọ́ kankan lórí ìkànnì tó lè là á yé mi tó bẹ́ẹ̀. Ìyá tún ní, "N ò ní kóo má kàwé o. Wá ọ̀nà sí i. Ìwọ lo mọ̀wé."

Ẹ má rò pé Ìyá ni mo ń bẹ̀rù. Bí ẹ bá mọ̀ mí, ẹ ò ní rò bẹ́ẹ̀. Orúkọ yẹn wà lára nǹkan àkọ́kọ́ tí mo fún ẹnikẹ́ni nínú ilé náà. Mo ti dì í mú nígbà tí ìyá rẹ̀ ní kí n jọ̀wọ́ rẹ̀, nígbà tí òun alára ní kí n jọ̀wọ́ rẹ̀. Ó ká mi lára pé ẹ̀rọ ni yóò wá gbà á lọ́wọ́ mi nítorí máàkì. Bẹ́ẹ̀ ni mo tún fẹ́ kíláàsì karùn-ún mi. Mo fẹ́ méjèèjì.

Mo yà ní ṣọ́ọ̀bù Akọ̀wé ní Adégbayì bí mo ṣe ń padà lọ sílé. Níwájú ènìyàn, "ẹ" ni mo fi ń bá a sọ̀rọ̀. Bí ó bá ku àwa méjì tí inú bá ń bí mi, "ìwọ" ni.

Ó ní, "Ìyàwó wa, ẹ pè é jàre. N ò ní bínú."

Mo ní, "O bínú, o ò bínú, kò kàn ọ́. Kì í ṣe ìwọ lo ni í."

Ó rẹ́rìn-ín, ó sọ ìbòjú rẹ̀ kalẹ̀, ó padà sídìí irin tó ń jó.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, nígbà ìsinmi ọ̀sán, mo ṣí fóònù wò. Lẹ́tà inú òbìrí Akọ̀wé ti yí padà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, níbi tí orúkọ rẹ̀ máa ń wà, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé Akọ̀wé. Òun fúnra rẹ̀ ló wọ inú ìkànnì lọ tó yí i. Orúkọ tó ní kí n fi sílẹ̀, orúkọ tí wọ́n fi ń ṣe é yẹ̀yẹ́ ní abúlé, ó gbé e síwájú gbogbo kíláàsì kí n lè rí nǹkan pè. Mo sunkún. Ọmọbìnrin kan nínú kíláàsì mi bi mí pé kí ló ṣe mí, mo ní eruku ṣọ́ọ̀kì ni.

Mo tẹ àmì náà, mo kọ Akọ̀wé, ẹ̀rọ náà gbà á. Mo kọ ọ́ pé, "Akọ̀wé, ẹ káre." Ó dáhùn níbẹ̀, lójú gbogbo wọn pé, "Ìyàwó wa, ẹ kú iṣẹ́." Máàkì mi wọlé.

Lẹ́yìn ọjọ́ náà, nọ́ọ̀sì bi wá léèrè ohun tó ń jẹ́ Ìyàwó wa. A ṣàlàyé fún un. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, òun àti télọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń pe Akọ̀wé ní Akọ̀wé. Mo jowú díẹ̀, nítorí èmi nìkan ló ni orúkọ náà tẹ́lẹ̀, kí n tó rí bí wọ́n ṣe ń lò ó. Bí ìṣirò bá rú nọ́ọ̀sì lójú, á ní, "Ẹ jẹ́ ká bi Akọ̀wé." Kò sí ẹ̀sín kankan nínú rẹ̀. Wọn ò mọ̀ pé ó fi ìwé sílẹ̀ rí. Ẹni tó mọ nǹkan, tó ń kọ ọ́ sílẹ̀ fún wọn, ni wọ́n mọ̀.

Àsìkò ìpele kìíní parí, èsì jáde. Mo yege dáadáa. Mo sáré fi han ọ̀gá ilé ìwé, wọ́n bọ̀ mí lọ́wọ́. Mo wá pe Akọ̀wé kí a jọ yọ̀. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. Ó ní ẹ̀rọ kọ ọ́ pé òun kò wá sí kíláàsì láti ọ̀sẹ̀ kẹfà.

Ọ̀sẹ̀ kẹfà ni ó yí orúkọ padà. Kò sí Akọ̀wé nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀. Gbogbo ohun tó kọ láti ọjọ́ náà, gbogbo ohun tó fi kọ́ wa, ẹ̀rọ náà kò mọ ẹni tó ni ín. A kọ̀wé sí olùkọ́. Ó ní òun gbà wá gbọ́, ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ ti rí àwọn tó ń gba ènìyàn kí ó bá wọn kàwé lórúkọ mìíràn, òfin wọn sì le lórí rẹ̀. Ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ wa tó mọ ojú rẹ̀ gbọ́dọ̀ jókòó síwájú fídíò, kí Akọ̀wé náà wà níbẹ̀, kí ẹni náà la ẹnu pe orúkọ rẹ̀ lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́ bó ṣe wà nínú ìwé, kí ó jẹ́rìí pé òun ni. Nọ́ọ̀sì kò mọ ojú rẹ̀. Télọ̀ kò mọ̀ ọ́n. Ta ló kù?

Akọ̀wé kọ̀wé sí mi kí n tó sọ ohunkóhun. Ó ní, "Ìyàwó wa, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu. N óò tún un bẹ̀rẹ̀ bó bá yá." Mo ka "bó bá yá" yẹn, ọ̀rọ̀ kan náà tó sọ fún mi nígbà tí bàbá rẹ̀ kú. Ọdún mẹ́wàá ló gbà á kí ó tó yá. Mo kọ ọ́ sí olùkọ́ pé n óò wá, lọ́jọ́ Sátidé, ní aago mẹ́rin.

Mo lè ti ilẹ̀kùn pálọ̀ mi ní Ẹ̀gbẹ́dá kí n pè é kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Mo rò ó dáadáa. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ jí i pè. Mo mú fóònù mi, mo lọ sí abúlé, mo bá wọn jókòó sídìí ẹ̀gẹ́. Nígbà tó ku díẹ̀ kí aago mẹ́rin lù, mo fọ ọwọ́ mi, mo kúnlẹ̀ síwájú Ìyá, mo sọ gbogbo rẹ̀: ohun tí Akọ̀wé ṣe nítorí mi, ohun tó fẹ́ pàdánù, ohun tí mo fẹ́ ṣe. Mo ní, "Ìyá, mi ò wá tọrọ àṣẹ. N óò pè é. Mo kàn ní kí n má ṣe é lẹ́yìn yín ni."

Ọ̀bẹ wọn dúró. Ìyálé wa wò mí bí ẹni pé mo ti ya wèrè. Ìyá ń wo ilẹ̀. Wọ́n bi mí pé, "Ìwé tó fi sílẹ̀ nígbà náà ló tún ń kà yìí?"

"Ó ti padà sídìí rẹ̀, Ìyá. Ó ti mọ̀ ọ́n. Ẹlẹ́rìí ló kù."

Wọ́n gbọn èèpo ẹ̀gẹ́ kúrò láṣọ wọn, wọ́n dìde, wọ́n tún ìró wọn ró. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin tókù, ẹ dìde, ẹ bá mi lọ wo ewúrẹ́ mi lẹ́yìn odò. Ó ti pẹ́ tí mo ti so ó."

Ìyá kò ní ewúrẹ́. Kò sí ewúrẹ́ nínú ilé yẹn láti ìgbà tí mo ti débẹ̀, nítorí ẹ̀gẹ́. Àwọn ìyàwó ilé wo ara wọn, wọ́n gbé ọ̀bẹ sílẹ̀, wọ́n sì tẹ̀ lé wọn. Ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀rọ pàápàá pa á, ó bá wọn lọ. Mo ń gbọ́ ohùn Ìyá lọ́nà odò tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ sókè ju bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́ lọ.

Èmi nìkan ló kù lábẹ́ páànù. Mo gbé fóònù lé orí agbọ̀n tí mo dojú rẹ̀ dé. Akọ̀wé yọ. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, géètì tí kò tíì parí wà lẹ́yìn rẹ̀, pẹ́ńsù sì wà ní etí rẹ̀, èyí tó fi máa ń sàmì sára irin. Olùkọ́ ní, "Jọ̀wọ́, ta ni o rí yìí?"

Mo pe orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó wà nínú ìwé. Ìkejì jẹ́ ti bàbá ọkọ mi tó ti kú, tí mi ò pè rí kódà lójú àlá. Mo pè wọ́n ketekete, bí mo ṣe ń pe orúkọ àwọn ọmọ mi nínú kíláàsì láàárọ̀. Mo ní mo mọ̀ ọ́n láti ọmọ ọdún méje, pé òun ló kọ gbogbo ohun tí wọ́n kà níbẹ̀, pé bí ẹnikẹ́ni bá yẹ fún máàkì nínú ẹgbẹ́ wa, òun ni. Akọ̀wé tẹrí ba títí mo fi sọ̀rọ̀ tán. A ń gbọ́ bí olùkọ́ ṣe ń tẹ nǹkan. Ó ní, "Mo ti tún un ṣe. O ṣeun, Ìyàwó wa."

Fídíò náà ṣì wà nínú àkọsílẹ̀ kíláàsì. Mi ò ṣí i rí. Ẹ ò sì ní rí orúkọ náà níbí pẹ̀lú. Ẹ̀ẹ̀kan tí mo pè é ti tó.

Wọ́n ti odò dé. Ìyá padà sí àpótí wọn, wọ́n mú ọ̀bẹ, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ ẹ̀gẹ́. Èmi ni mo kọ́kọ́ la ẹnu.

"Ewúrẹ́ ńkọ́, Ìyá?"

"A rí i. Ó sanra sí i." Wọ́n bẹ ẹ̀gẹ́ kan tán, wọ́n jù ú sínú agbọ̀n. "Wọ́n fún un?"

"Wọ́n fún un, Ìyá. Ó yege."

Wọ́n mi orí. Wọ́n mú ẹ̀gẹ́ mìíràn, wọ́n yí i lọ́wọ́ lọ yí i bọ̀, wọn kò fi ọ̀bẹ kàn án.

"Gbé fóònù rẹ," ni Ìyá wí. "Pe Akọ̀wé fún mi."